Páàdì Géèmù Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà? Ìfiwéra Láti Famicom Dé PS5 fún Ará Abẹ́òkúta

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀ pé ẹ fẹ́ ra páàdì, ìbéèrè méjì ni ẹni tó ń tà á máa ń bi èèyàn: "Ti èwo?" àti "Oríjínà àbí China?" Ìbéèrè méjèèjì dára, àmọ́ wọn ò tó. Páàdì kì í kú nítorí pé ó ti pẹ́ láyé. Analog rẹ̀, igi kékeré tí àtàǹpàkò ń tì, ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣàìsàn, ẹnu ṣájà ló máa ń tẹ̀ lé e, bátìrì á sì wá rọ. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká fi wé páàdì kan sí èkejì ni bí analog rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń gba iná, àti bóyá ẹnjiníà tó wà ní ìtòsí lè tú u kó sì tún un tò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Bọ́tìnnì tó rí bí àgbélébùú, tí gbogbo páàdì ṣì ní lónìí, Gunpei Yokoi ti Nintendo ló fi sórí géèmù àtẹ́lẹwọ́ Game & Watch Donkey Kong ní 1982. Nígbà tó di 1983 ó ti bọ́ sórí Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo. Ike kan ṣoṣo ni, ó dúró lórí ìdí kékeré kan ní àárín, rọ́bà sì wà lábẹ́ apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìdí rọ́bà yẹn ní kábọ́ọ̀nù dúdú. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kábọ́ọ̀nù á kan ojú bọ́ọ̀dù, iná á kọjá, ó parí. Ìdí nìyí tí páàdì àtijọ́ ṣe ń jí padà lẹ́yìn ogún ọdún tó ti wà nínú páálí: ẹ tú u, ẹ fi òwú tó ní sípírítì díẹ̀ nu kábọ́ọ̀nù àti ojú bọ́ọ̀dù, kí ẹ tó dé e padà ó ti dá yín lóhùn.

Super Famicom fi bọ́tìnnì mẹ́rin sí ọwọ́ ọ̀tún àti L pẹ̀lú R sí èjìká ní 1990. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti PlayStation tó jáde ní Japan ní December 1994 ṣe rí, àfi pé ó fi kún èjìká kó di mẹ́rin (L1, L2, R1, R2), ó sì fi ọwọ́ méjì sí ìsàlẹ̀ kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú. Àmì onígun mẹ́ta, róbótó, X àti onígun mẹ́rin yẹn, Teiyu Goto ló yà wọ́n.

Ibi tí wàhálà ti wọlé ni ìgbà tí géèmù di ohun tí èèyàn lè yí ká. Àgbélébùú kò lè sọ fún géèmù pé "rìn díẹ̀" tàbí "sáré gan-an". Bó bá ti kàn, ó kàn. Nintendo 64 gbé analog wá ní 1996. Ìmọ́lẹ̀ kékeré àti àgbá tó ní ihò ló fi ń ka ibi tí ọwọ́ yín wà, èyí kì í sì í tètè bàjẹ́. Ike ló bà á jẹ́: ìdí igi analog náà ń gbo abọ́ ike tó jókòó lé lórí. Bí ẹ bá tú èyí tí wọ́n ti fi gbá géèmù gan-an, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú funfun nínú rẹ̀, igi náà á sì dẹ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ.

Ní 1997 ni DualShock, páàdì PlayStation, dé: analog méjì, mọ́tò méjì tó ń gbọ̀n. Ohun tó fi ń ka analog ni wọ́n ń pè ní potentiometer, òun náà ló sì wà nínú páàdì PS5 tí wọ́n ń tà lónìí. Ó yẹ ká dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí òun ló ń ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó.

Kí ló dé tí analog fi ń fà?

Analog kọ̀ọ̀kan ní àpótí kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún òsì àti ọ̀tún. Ẹ ṣí ọ̀kan: ojú ọ̀nà dúdú kan tó tẹ̀ bí oṣù lẹ ẹ́ wà nínú rẹ̀, kábọ́ọ̀nù ni, ìka irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń rìn lórí rẹ̀. Ibi tí ìka yẹn bá dúró sí ni agbára iná tó ń jáde máa sọ, géèmù á sì mọ ibi tí ẹ tì í sí.

Ìka irin ń fá kábọ́ọ̀nù ni. Àárín ló sì ń fá jù, nítorí àárín ni analog máa ń padà sí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u sílẹ̀. Bí àárín bá ti fá, tàbí eruku ọyẹ́ bá wọ ibẹ̀, tàbí sípíríǹgì tó ń dá a padà bá rọ, iná tó ń jáde kò ní jẹ́ ti àárín mọ́. Géèmù á rò pé ẹnì kan ń tì í. Agbábọ́ọ̀lù yín á máa rìn lọ sí igun pápá fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ ṣí mẹ́nù kó máa sáré lọ sókè láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ó dun ni pé ọ̀nà àbáyọ ti wà tipẹ́. Dreamcast tí Sega gbé jáde ní 1998 lo òòfà nínú analog rẹ̀. Òòfà ń yí, ohun tó ń ka òòfà ń kà á láti ọ̀nà jíjìn, kò sí ohun tó ń fá ohun kankan. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pa á tì nígbà náà. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké bíi GuliKit, 8BitDo àti GameSir ló gbé e padà wá. Orúkọ tí ẹ ó rí lára páálí ni Hall effect.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | PS2 | PS3 | PS4 | PS5 | Xbox Series |
|---|---|---|---|---|---|
| Ọdún tí páàdì jáde | 2000 | 2007 | 2013 | 2020 | 2020 |
| Iná | okùn | bátìrì 570 mAh | bátìrì 1000 mAh | bátìrì 1560 mAh | òkúta AA méjì |
| Ẹnu okùn | ti PlayStation | mini-USB | micro-USB | USB-C | USB-C |
| Ẹ̀rọ tó gbà á | PS2, PS1 | PS3 | PS4. PS5 fún géèmù PS4 nìkan | PS5, kò gba PS4 | Xbox One, Series, kọ̀ǹpútà Windows |

Ẹ kíyè sí ìlà tó kẹ́yìn dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra páàdì PS5 pé kí ó bá PS4 àwọn lò, kò lè ṣiṣẹ́. Òmíràn á ra PS5, á wá rò pé páàdì PS4 méjì tó ti wà nílé á gbá géèmù PS5. Géèmù PS4 nìkan ló lè fi gbá lórí rẹ̀.

PS2 àti PS3

Páàdì PS2 kò nílò bátìrì, èyí dára fún àdúgbò tí iná kì í dúró. Ibi tó ti ń kú ni okùn rẹ̀, ní ọrùn tó ti wọ inú páàdì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń ká a sí. Bí páàdì bá ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹ ṣe ń mi okùn, wáyà kan ti já nínú. Kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò kí wọ́n tún un so láti inú. Tí PS2 bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé yín, ẹ tún èyí tó wà lọ́wọ́ yín ṣe, ẹ má ra tuntun: púpọ̀ nínú àwọn tuntun tó wà lọ́jà ni ayédèrú, analog wọn á le bí òkúta, àárín wọn kò sì ní gún.

Ti PS3, kí ẹ kọ́kọ́ gbé e wò. Èyí tó kọ́kọ́ bá PS3 jáde ní 2006, Sixaxis, kò ní mọ́tò nínú. DualShock 3 ló dá gbígbọ̀n padà. Bó bá fúyẹ́ bí ike lásán, bóyá Sixaxis ni tàbí ayédèrú. Bátìrì rẹ̀ lè gbé e tó wákàtí 30 nígbà tó ṣì tuntun, kò sí èyí tó tó o nínú àwọn PlayStation tó tẹ̀ lé e. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù kò lè fún un ní iná. USB PS3 tàbí ti kọ̀ǹpútà ló fẹ́, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Bí iná bá lọ, ẹ ti pàdánù ìgbà tí ó yẹ kó fi gba ṣájì nìyẹn.

Àìsàn rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni kí bọ́tìnnì máa tẹ ara rẹ̀. Fóòmù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń ti fíìmù pẹlẹbẹ mọ́ bọ́ọ̀dù. Bó bá pẹ́, fóòmù yẹn á tẹ́, fíìmù kò ní kan bọ́ọ̀dù dáadáa mọ́. Kí wọ́n pààrọ̀ fóòmù náà, tàbí kí wọ́n ká séló́téèpù díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kó lè ga. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bọ́ọ̀dù ló jó.

PS4: èyí tó bá Abẹ́òkúta mu jù

Bí a bá ní ká mú ọ̀kan fún ilé géèmù tàbí fún ilé tí ọmọ mẹ́ta ń jà sí i, DualShock 4 la ó mú, tòkúnbọ̀ ojúlówó, kì í ṣe tuntun tí orúkọ rẹ̀ kò dá yín lójú. Kì í ṣe pé analog rẹ̀ lágbára ju ti àwọn yòókù lọ. Potentiometer kan náà ni. Ohun tó fi ta wọ́n yọ ni pé ó rọrùn láti tún ṣe.

Síkúrúù mẹ́rin péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ wọ́n tán, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i láti ibi ọwọ́ ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì rọra. Okùn pẹlẹbẹ kan wà tó so bọ́ọ̀dù kékeré tó wà ní ẹ̀yìn mọ́ ti iwájú. Ẹni tó bá fà á lójijì á já a, sípíríǹgì L2 àti R2 á sì fò lọ. Bọ́ọ̀dù kékeré yẹn gan-an ni ẹnu ṣájà wà lára rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé bí ẹnu ṣájà bá dẹ̀, kò sí pé à ń jó lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti fi so ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù): a yọ ọ́, a fi òmíràn sí i. Kí ẹ tó ra ẹ̀yà náà, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, JDS-001, JDS-011, JDS-030 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí okùn àwọn kan ní ẹsẹ̀ 14, ti àwọn mìíràn 12, wọn ò sì gba ara wọn. Fíìmù bọ́tìnnì náà, nọ́ńbà JDM tó wà lára bọ́ọ̀dù ńlá ni kí ẹ fi mú un.

Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó jáde ní 2016 ní ìlà iná tẹ́ẹ́rẹ́ lókè ibi tí wọ́n ń fọwọ́ pa níwájú. Ti àkọ́kọ́ kò ní i. Ẹ wá ti 2016 yìí bí ẹ bá ní ilé géèmù. Ó lè bá PS4 sọ̀rọ̀ láti inú okùn, nígbà tí ti àkọ́kọ́ kàn ń gba iná nínú okùn ṣùgbọ́n tó ṣì ń fi Bluetooth sọ̀rọ̀. Níbi tí PS4 márùn-ún ti wà nínú yàrá kan pẹ̀lú fóònù ogún èèyàn, Bluetooth máa ń rọ́ lu ara wọn, bọ́tìnnì á sì máa pẹ́ kó tó jẹ́. Ẹ lọ sí Settings, Devices, Controllers, Communication Method, kí ẹ yan Use USB Cable.

Bí páàdì kò bá fẹ́ mú PS4 rárá, ẹ yẹ okùn wò kí ẹ tó dá páàdì lẹ́bi. Okùn fóònù púpọ̀ ń gbé iná nìkan, kò ń gbé dátà. Ó máa ń gba ṣájì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní dá ẹ̀rọ mọ̀ láé. Bó bá ṣì kọ̀, ihò kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ L2: ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kí ẹ tún un so.

Bí analog rẹ̀ bá ń fà, ojú ibi mẹ́rìnlá ni wọ́n máa jó lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́: mẹ́rin fún ẹsẹ̀ irin, mẹ́fà fún potentiometer méjèèjì, mẹ́rin fún bọ́tìnnì L3 tàbí R3, èyí tó ń jẹ́ bí ẹ bá tẹ analog wọlé. Ẹni tí kò ní ohun tó ń fa lẹ́ẹ̀dì jáde dáadáa á ká ojú bọ́ọ̀dù kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ rí analog kan tí ó ti pààrọ̀ rí, kí ẹ tó gbé ti yín fún un.

Bátìrì rẹ̀ ni àléébù tó kù. Iná ojú rẹ̀ ń jẹ ẹ́, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ ni ẹ ó rí. Ẹ dín iná yẹn kù nínú Settings. Ó ń gba ṣájì láti ara ṣájà fóònù 5V tàbí power bank, wákàtí méjì ló sì ń kún, èyí sì ṣe pàtàkì níbi tí iná bá dé ní agogo mọ́kànlá òru tó sì lọ ní agogo kan.

PS5

Kò sí páàdì tó dùn mọ́ ọwọ́ tó DualSense. Gbígbọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ti mọ́tò tó ń yí mọ́. Ó lè mú kí ẹ mọ̀ pé orí yanrìn ni ẹsẹ̀ wà tàbí orí irin. L2 àti R2 rẹ̀ ní jíà kékeré tó ń ti ìka yín padà. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ nínú ni ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́. USB-C rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀dù ńlá fúnra rẹ̀. Bó bá dẹ̀, ẹni tó mọ jíjó lẹ́ẹ̀dì kéékèèké nìkan ló lè fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi okùn tí ọmọdé lè fẹsẹ̀ kọ́ sára rẹ̀ gbá géèmù.

Bí bátìrì rẹ̀ kò bá pẹ́ tó, tàbí bọ́ọ̀lù nìkan ni ẹ ń gbá, ẹ pa agbára L2 àti R2 yẹn: Settings, Accessories, Controllers, Trigger Effect Intensity, ẹ yan Off. Bátìrì á pẹ́ sí i, jíà náà á sì sinmi. DualSense Edge tó jáde ní January 2023 gba pé kí ẹ yọ analog rẹ̀ odindi kí ẹ fi òmíràn sí i láìjó lẹ́ẹ̀dì. Ìmọ̀ràn rere ni wọ́n gbà níbẹ̀, ó yẹ kó ti wà nínú gbogbo páàdì.

Xbox àti kọ̀ǹpútà

Ẹni tó ń fi lápútọ́ọ̀pù gbá eFootball ní hósítẹ́ẹ̀lì ní Alábàtà kò ní láti ra ti PlayStation rárá. Páàdì Xbox ni Windows mọ̀ láìbéèrè ohunkóhun; ẹ kì í bọ̀ ọ́ kí ẹ tún máa wá ètò tó máa tú u sí èdè tó yé géèmù. Analog òsì rẹ̀ wà lókè, àgbélébùú ní ìsàlẹ̀, ibi tí àtàǹpàkò fẹ́ lọ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Òkúta AA méjì ló ń lò. Àwọn kan kà á sí àléébù. Níbi tí iná ti ń já, àǹfààní ni: iná kò sí, ẹ ra òkúta níwájú ilé, géèmù ń lọ. Bí ẹ bá so USB-C rẹ̀ mọ́ lápútọ́ọ̀pù, kò tilẹ̀ nílò òkúta, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé okùn náà á fi ṣájì sínú òkúta. Síkúrúù rẹ̀ jẹ́ Torx T8 tó ní ihò láàárín, nítorí náà ẹnjiníà tí kò ní irin rẹ̀ máa ń fi ọ̀bẹ ya á. Ẹ béèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

GameSir G7 SE, tó ní okùn, tó ń bá Xbox àti Windows ṣiṣẹ́, ní analog olóòòfà. Fún lápútọ́ọ̀pù, òun la fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí. Kò ṣiṣẹ́ lórí PS4 tàbí PS5.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ mi páàdì létí. Kò gbọ́dọ̀ dún. Ẹ wo etí ihò tí analog ti yọ jáde: bí ike ibẹ̀ bá ti fá tó sì ní lẹ́búlẹ́bú, wọ́n ti lò ó gan-an, kódà kí ara rẹ̀ máa dán bí awò. Ẹ wo rọ́bà orí analog, nítorí ti DualShock 4 àkọ́kọ́ máa ń bó.

Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ, tàbí kí ẹ gbé lápútọ́ọ̀pù lọ. Ojú ewé tó ń dán páàdì wò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò fi nọ́ńbà láti -1 dé 1 hàn yín fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá láìfọwọ́ kàn án. 0.02 tàbí 0.04 kò burú. Bó bá ti kọjá 0.1, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ti analog dé òpin kí ẹ tú u sílẹ̀ lójijì, lọ́tùn-ún, lósì, lókè, nísàlẹ̀, ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá. Èyí tí sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ kì í padà sí ibi kan náà. Ẹ rọra tẹ R2: nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fò láti 0 dé 1. Ọ̀pọ̀ ayédèrú ni ẹ máa mọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi okùn sí i kí ẹ mi ọrùn okùn náà. Bí àmì ṣájì bá ń tàn tó ń kú, ẹnu rẹ̀ ti dẹ̀.

Ti PS5, ẹ ṣí Astro's Playroom tó wà nínú PS5 kọ̀ọ̀kan láti ilé iṣẹ́. Bí L2 àti R2 kò bá ti ìka yín padà níbẹ̀, ojúlówó kọ́ nìyẹn tàbí jíà rẹ̀ ti ṣẹ́.

Fún ilé géèmù tó ní tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, páàdì mẹ́jọ kò tó. Ẹ ra mẹ́wàá, nítorí méjì á máa wà lọ́dọ̀ ẹnjiníà. Kí abọ́ omi àti aṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà kí oníbàárà tó fi ọwọ́ bọ̀ọ̀lì tàbí puff-puff kan páàdì nù ún, kí mínírà má sì wọ inú yàrá náà: ṣúgà tó bá wọ abẹ́ bọ́tìnnì máa lẹ̀ mọ́ fíìmù, sípírítì nìkan ló ń yọ ọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi nylon dé wọn mọ́jú. Ẹni tó bá ní kí ẹ fọ́n WD-40 sínú analog, ẹ má gbà á. Epo rẹ̀ á mú eruku dúró lórí kábọ́ọ̀nù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á máa fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Isopropyl 90 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi òwú kan lé e, ẹ yí analog náà ká ní ogún ìgbà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí kan kí ẹ tó tan án.